Òkété àti Ààrò Tí Kò Ní Ìkòkò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ṣé ẹ ò jẹun alẹ́ ni? Ohùn ẹni tó gbààwẹ̀ lẹ fi dá mi lóhùn yẹn. Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó tó báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ sún síwájú. Mojọyin, gbé àbúrò rẹ lé itan, kó má baà sùn lulẹ̀. Baba Àgbà, ẹ dákun, ẹ má tíì hanrun, ibi tó dùn ṣì ń bọ̀. Àlọ́ mi kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, orí Òkété ló lọ bà lé, Òkété tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ àpò, tí ilé rẹ̀ kì í ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.

Ní ìgbà kan rí, òjò kan rọ̀ ní ilẹ̀ àwọn ẹranko. Kì í ṣe irú òjò tí ẹ máa ń bọ́ra sí tí ẹ fi ń sá kiri àgbàlá. Òjò yìí rọ̀, ó sinmi bí ẹni tó fẹ́ mí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Odò ìsàlẹ̀ ìlú kún. Ó kọ́kọ́ gba àkùrọ̀, ó gba oko, nígbà tó yá ó gba ojú ọ̀nà wọ àárín ilé bí àlejò tí kò kágò. Ilé arúgbó ni o, ilé ọmọdé ni o, omi kò bi ẹnikẹ́ni. Aká wó. Iṣu jẹrà nínú ebè. Ẹni tó ní ìyẹ́ fò, ẹni tó ní ẹsẹ̀ sáré, ọ̀pọ̀ tí kò rí ọ̀kankan ṣe nínú méjèèjì sì bá omi lọ. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀ nítorí tiwọn.

Ó tó.

Àwọn tó kù sá gun Òkè Ìyàngbẹ. Òkété wà lára wọn, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Òkété fi kó ẹ̀pà jọ sínú aká rẹ̀. Ó wá dúró lórí òkè, ó ń wo ẹ̀pà tó ń léfòó kọjá lọ lójú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Àsàbí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, sunkún ebi títí ohùn rẹ̀ fi há. Òkété gbé e mọ́ àyà, kò ní ohunkóhun tó lè fi sí i lẹ́nu. Ọmọ náà ń lá omijé ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Òkété búra. Ó ní ebi kò tún ní rí ilé òun yà sí mọ́ láéláé.

Ìbúra yẹn kò burú. Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí, bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà lè búra bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó gbà láti mú un ṣẹ ló wọ́.

Ìlú kan wà lókè réré níbi tí omi kò dé. Àwọn Ìgalà ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kò jókòó kí wọ́n máa wí pé "ó mà ṣe o." Wọ́n ṣí aká wọn. Wọ́n kó hóró àgbàdo gbígbẹ sínú agbọ̀n, wọ́n kó ìkòkò rù, wọ́n bu ẹ̀yinná sínú àpáàdì, wọ́n ń fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà kó má baà kú. Ìyá Ìgalà ló ṣíwájú wọn, arúgbó kan tí etí rẹ̀ kan ti ya, tí kì í gbé ohùn sókè.

Bí wọ́n ti dé orí òkè ni ariwo ta. Ọ̀bọ ní òun lọ́mọ jù. Ẹtu ní ilé òun ló tóbi jù kó tó wó. Ìmàdò ní kí wọ́n ṣáà wo ikùn òun, kí wọ́n fúnra wọn sọ ohun tó lè gbà. Ìyá Ìgalà dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá ní:

"Àparò kan kò ga jù kan lọ, àfi èyí tó bá gorí ebè. Ẹ̀yin ará mi, ebè dà? Gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ."

Ẹ̀rín bú. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí omi ti wọlé, ó sì ya àwọn fúnra wọn lẹ́nu pé àwọn ṣì lè rẹ́rìn-ín. Àparò gan-an wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ló kù sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìgalà ní, "Ilé ti wó, a ò lè ka ilé mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ààrò ló ní ilé. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan wá òkúta mẹ́ta, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n wá bu iná lọ́dọ̀ mi. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ibi tí a bá ti rí èéfín, a ó gbé agbọ̀n àgbàdo kan síbẹ̀."

Gbogbo wọn ní ó dára. Ìyá Ìgalà wá kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ tó máa ru agbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ẹ kò gbọdọ̀ wo ojú ẹni tó ń gba oúnjẹ. Ẹ yíjú sẹ́yìn, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ ní 'ẹ kú ìrọ́jú,' kí ẹ máa lọ. Àgbẹ̀ ni gbogbo àwọn wọ̀nyí. Lọ́jọ́sí, àwọn ló ń fún ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbà á di ohun tí à ń wò."

Àṣà àwọn Ìgalà nìyẹn láti ayébáyé, àṣà rere sì ni. Ṣùgbọ́n etí Òkété gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ó ń yí i po lọ́kàn. Wọn ò ní wojú? Wọn ò ní wojú ẹnikẹ́ni?

Àwẹ̀ró to ààrò tiwọn sí abẹ́ igi kan, ó bu iná, ó gbé ìkòkò ka iná. Òkété wo ààrò náà, kò rí i bí ohun tó tó. Ó lọ sẹ́yìn àpáta, ó to òkúta mẹ́ta. Ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún, ó to òkúta mẹ́ta mìíràn. Ó tún to òmíràn sí ìdí kùkùté igi kan níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Ó wá gbé àpáàdì, ó lọ bá Ìyá Ìgalà.

"Ìyá, ẹ bá mi fún Ìyá Èmọ́ níná. Arúgbó ni, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè rìn."

Ìyá Ìgalà bu iná fún un. Ó tún padà dé.

"Ìyá, ti Bàbá Àfè ni mo tún wá bù. Ojú rẹ̀ ti fọ́."

Ó gba iná. Ó tún padà. Ó ní opó kan tó ń jẹ́ Ọ̀fàfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún, ọ̀fọ̀ kò jẹ́ kó lè jáde. Ìyá Ìgalà gbọ́wọ́ lé e lórí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ rere. Ẹni tó ń bá arúgbó buná, iná ilé tirẹ̀ kò ní kú." Òkété ṣe àmín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wá Ìyá Èmọ́ lọ, ẹ ò ní rí i. Kò sí Ìyá Èmọ́. Kò sí Bàbá Àfè. Kò sí opó kankan tó ń jẹ́ Ọ̀fàfà. Òkúta mẹ́ta ni wọ́n, iná ń jó láàárín wọn, ìkòkò kankan kò sí lórí wọn. Àwọn baba wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ọbẹ̀ wà lórí ti Òkété tí yóò dà nù?

Gbogbo ọgbọ́n ni Òkété fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó fi ewé tútù lé iná kí èéfín lè pọ̀. Ó gbẹ́ ihò láti ìdí ààrò kọ̀ọ̀kan, ihò náà ń yí gba abẹ́ òkúta, ó ń sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn pàdé nínú aká ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà bá mọ́, tí ìkùukùu òwúrọ̀ ṣì bo orí òkè, àwọn ọmọ Ìgalà á gbé agbọ̀n dé. Wọ́n á yíjú sẹ́yìn. Wọ́n á ní, "Ìyá Èmọ́, ẹ kú ìrọ́jú." Ohùn tínrín kan á dáhùn láti abẹ́ ilẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi." Kí wọ́n tó rìn jìnnà, agbọ̀n ti ṣófo. Òkété á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó àgbàdo, á sáré gba abẹ́ ilẹ̀, á yọrí lọ́dọ̀ Bàbá Àfè, á wúkọ́ bí afọ́jú. Bóyá afọ́jú máa ń wúkọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀, èmi ò mọ̀. Òkété ló mọ̀.

Aká ń kún. Àwẹ̀ró sì ń wò ó.

Ó ní, "Bàbá Àsàbí, àgbàdo yìí ti ju ti ẹnu wa lọ."

"Ẹnu wa tòní lò ń sọ. Tọ̀la ńkọ́?"

"Ta ló ń jẹ ti Ìyá Èmọ́?"

"Ìyá Èmọ́ náà ni."

"Èmi ò rí Ìyá Èmọ́ rí."

"Ṣé gbogbo ẹni tó ń jẹun láyé yìí lo ti rí rí?"

Àwẹ̀ró padà sídìí iná. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Òun náà rántí ohùn Àsàbí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé orí òkè ni, kò sì fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Ní ti Àsàbí, kò tún sùn níbòmíràn mọ́, inú aká, lórí àgbàdo, ló ń sùn. Bí ó bá ta jí, tó fọwọ́ kan hóró àgbàdo, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á tún sùn padà. Òkété máa ń dúró wò ó. Inú rẹ̀ á dùn. Á ní ṣé ẹ rí i, ohun tí mo ń tìtorí rẹ̀ ṣe é nìyí.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sí etí omi. Ibẹ̀ ni Àparò to ààrò rẹ̀ sí, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, torí ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi tó gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Orí òkè ni àwọn ọmọ Ìgalà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í pín agbọ̀n, wọ́n á máa bọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ti ka agbọ̀n dáadáa kí wọ́n tó kúrò nílé, iye ìdílé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ Àparò, agbọ̀n ti tán. Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á ní kó má bínú, àwọn ò mọ ibi tí ó ti dín. Àparò á ní kò burú. Bí ó ṣe rí lọ́jọ́ ọjà kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Ojú ń tì í láti pariwo. Ẹni tí wọ́n ń yíjú sẹ́yìn nítorí iyì rẹ̀, báwo ni yóò ṣe máa sáré tẹ̀ lé wọn?

Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè dìde dúró mọ́, Àparò gun òkè lọ bá Òkété. Òkété ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde láti inú ihò ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún àgbàdo títí dé etí.

Àparò ní, "Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ dákun, àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Ti ọmọ yìí ni mo wá bẹ̀ yín fún."

Òkété fẹ́ dáhùn, kò lè la ẹnu. Ó mi orí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ráhùn nínú imú pé eyín ń dun òun, pé kò sí nǹkan nílé.

Àparò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà. Àánú ṣe é. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Eyín dídùn kò dáa." Ó padà lọ. Kò pẹ́, ó tún gun òkè dé pẹ̀lú ewé kan tí wọ́n máa ń fi wo eyín, ó gún un lórí òkúta, ó ní kí Òkété máa fi í sí ibi tó ń dùn ún. Ẹni tí ebi ń pa ló gun òkè lẹ́ẹ̀mejì o. Òkété gba ewé náà. Àwẹ̀ró wà lẹ́yìn, ó rí gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ tó sè lọ́jọ́ náà, kò lè jẹ ẹ́. Ó bu tirẹ̀ sínú ewé, ó gbé e lọ sí etí omi fúnra rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó gbé e kalẹ̀. Oúnjẹ ẹnì kan ni. Ó gbé ọmọ Àparò dìde, ṣùgbọ́n kò lè tó gbogbo wọn.

Ọjọ́ ọjà mìíràn pé. Ìyá Ìgalà bá àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ ti rẹ àgbàdo fún ògì rí. Bí ẹ bá da àgbàdo kún inú ìkòkò, tí ẹ bu omi sí i, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí ilẹ̀ bá fi mọ́? Ẹ ṣeun. Yóò wú ni. Yóò wú títí yóò fi ti ọmọrí dànù. Òjò rọ̀ sí ẹnu gbogbo ihò Òkété, ihò ń gbé omi lọ sínú aká bí ọ̀fun. Àgbàdo ìsàlẹ̀ ti ń hu tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rinrin. Èyí tó kù mu omi, ó wú, ó dí ihò Ìyá Èmọ́, ó dí ti Bàbá Àfè, ó dí ti opó, ó dí ti ẹnu ọ̀nà ilé. Àsàbí sì wà lórí àgbàdo níbi tó ti ń sùn.

Òkété sáré dé ẹnu ihò rẹ̀, ó ti orí bọ̀ ọ́, kò wọlé. Ó fi èékánná wa ilẹ̀, ẹrẹ̀ ń ya padà. Ìgbà yìí ni ó kígbe. Kò tíì kígbe bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí omi gbé aká rẹ̀ lọ. "Ẹ gbà mí. Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀."

Gbogbo òkè dà jáde. Ìmàdò fi ìwo ẹnu wa ilẹ̀, Ọ̀bọ ń fọwọ́ kó ẹrẹ̀, Ẹtu ń fi pátákò tú u. Ààrò Òkété ni wọ́n ń wà, torí òun nìkan ni wọ́n mọ̀ sí tirẹ̀. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Àparò náà gòkè wá. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ àparò ni kó máa tan ilẹ̀, kó máa dẹtí sí ohun tó ń mì lábẹ́ rẹ̀. Ó ń tan ilẹ̀ kiri títí ó fi dé ẹ̀yìn àpáta, níbi òkúta mẹ́ta kan. Ó dúró. Ó gbọ́ orin.

Ẹ bá mi gbè é. "Walẹ̀, walẹ̀ wá" ni tiyín.

Ìyá mi dà, baba mi dà?
Walẹ̀, walẹ̀ wá.
Àgbàdo wú, kò jẹ́ n rìn,
Walẹ̀, walẹ̀ wá.
Àgbàdo hu, ó wé mi lọ́rùn,
Walẹ̀, walẹ̀ wá.
Ẹni bá gbóhùn mi kó má kọjá,
Walẹ̀, walẹ̀ wá.

Àparò ké sí wọn. "Ibí ni ohùn rẹ̀ wà. Abẹ́ ààrò Ìyá Èmọ́ ni."

Wọ́n sáré dé. Ìmàdò ti tẹrí ba kó máa wa ilẹ̀ tààrà, Ìyá Ìgalà dá a dúró. "Bí ilẹ̀ bá wó lé ọmọ lórí ńkọ́? Ẹni tó gbẹ́ ihò yìí ló mọ ibi tó yà sí. Ẹ bá mi pe Ìyá Èmọ́."

Wọ́n pe Ìyá Èmọ́. Wọ́n pè é títí. Òjò nìkan ló ń dáhùn. Ọ̀bọ ní, "Ta ló ti rí Ìyá Èmọ́ rí?" Àwẹ̀ró yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń wò ó.

Òkété dúró sójú kan. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ títí ayé. Wọ́n lè lé e sínú omi, òun àti ìyàwó àti ọmọ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á ṣèèṣì wà á dé ibẹ̀. Bóyá. Ó ń ronú báyìí lọ́wọ́ nígbà tí orin abẹ́ ilẹ̀ rọlẹ̀. "Walẹ̀," ló gbọ́, kò gbọ́ "walẹ̀ wá."

Òkété la ẹnu. Àgbàdo díẹ̀ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó kó ní òwúrọ̀ yẹn. Ó tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ níwájú wọn, kí ohùn rẹ̀ lè já geere.

Ó ní, "Kò sí Ìyá Èmọ́. Èmi ni Ìyá Èmọ́. Èmi ni Bàbá Àfè, èmi ni Ọ̀fàfà. Ihò náà yà sápá òsì lábẹ́ òkúta ńlá yẹn kó tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má wà á látòkè. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́."

Kò sí ẹni tó ráyè bú u. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́. Òkété ń wà, Ìmàdò ń wà, Àparò ń fi ẹsẹ̀ tan erùpẹ̀ sẹ́yìn. Ilẹ̀ ya. Àgbàdo tú jáde, ó pọ̀ dé orúnkún wọn, funfun àti pupa, òmíràn ti hu ewé. Láàárín rẹ̀ ni ọwọ́ kékeré kan ti yọ. Òkété fà á. Àsàbí jáde, ó wúkọ́, ó bú sẹ́kún, ohùn rẹ̀ sì ròkè lálá. Inú gbogbo wọn dùn sí ẹkún náà. Ara ọmọ ń gbọ̀n. Àparò ló na ìyẹ́ bò ó, torí òun ló sún mọ́ ọn jù.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wá ń wo àgbàdo. Àparò náà ń wò ó. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété tó ti rọ̀, ó rántí ewé tó gún. Wíwò yẹn dun Òkété ju èébú lọ.

Ìmàdò ní kí wọ́n lé Òkété sínú omi. Ọ̀bọ ní láti òní lọ, kí gbogbo ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ máa tò síta gbangba, kí wọ́n máa wo ojú wọn, kí wọ́n tú ilé wọn wò. Àwọn kan ní òótọ́ ni.

Ìyá Ìgalà gbọ́ wọn tán. Ó ní, "Olè kan kò ní sọ mí di ẹni tó ń wo ojú ẹni tí ebi ń pa. A ó máa yíjú sẹ́yìn bí a ti ń ṣe. Ohun tó máa yí padà ni pé etí omi la ó ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí òkè. Òkété ni yóò máa gbé agbọ̀n ọ̀hún, ti Àparò ni yóò kọ́kọ́ gbé ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kó tó kan tirẹ̀. Ọwọ́ tó fi gbẹ́ ihò ni yóò sì fi gbẹ́ ojú àgbàrá yí òkè yìí ká, kí òjò má baà mú un lọ."

Ó wo àgbàdo náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èyí tó ti rin gbindin yìí, ṣebí ògì ló kù tó máa dà. Ẹ gbé ìkòkò wá."

Ẹ̀yin ará ilé wa, ààrò Ìyá Èmọ́ rí ìkòkò lọ́jọ́ náà. Ti Bàbá Àfè rí ìkòkò. Ti opó rí ìkòkò. Wọ́n lọ àgbàdo, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n po ògì gbígbóná, gbogbo òkè ló mu ún lábẹ́ òjò. Ọmọ Àparò mu ún títí ó fi sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá. Èyí tó ti hu nínú àgbàdo náà, wọ́n kó o pamọ́. Nígbà tí omi fà, ilẹ̀ dúdú ló fi sílẹ̀, wọ́n gbìn ín síbẹ̀, ó sì yọ.

Mojọyin, mo ti rí ọwọ́ rẹ. O fẹ́ bi mí pé ṣé olè Òkété ló wá di ire. Rárá o. Ká rí ire fà yọ nínú ibi, ìyẹn kò sọ ibi di ire. Bí kì í bá ṣe etí Àparò, Àsàbí ìbá kú sínú ilẹ̀, ṣé wàá máa bi mí nípa ire nígbà náà? Gbé ọwọ́ rẹ sọ̀kalẹ̀.

Ó ku díẹ̀. Òkété ń gbẹ́ ojú àgbàrá, ó ń ru agbọ̀n. Bí ó bá ti dé etí omi, á yíjú sẹ́yìn pátápátá, á gbé e kalẹ̀, á ní "ẹ kú ìrọ́jú," á sáré lọ. Bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn títí ọ̀dọ́ àgbàdo fi ga tó àparò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti fẹ́ máa sáré lọ, Àparò pè é.

"Ẹ̀gbọ́n Òkété, ẹ yíjú padà."

"Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìgalà ní ká má wojú."

"Ojú ẹni tó ń gba oúnjẹ ló ní kí ẹ má wò. Kò ní kí èmi má wo ojú ẹni tó gbé e wá. Ẹ yíjú, kí ẹ wá bá wa jẹun."

Òkété yíjú díẹ̀díẹ̀. Igbá ògì wà nílẹ̀, àyè kan sì ṣófo láàárín àwọn ọmọ Àparò. Ó jókòó. Ó bu àkọ́bù, ó fẹ́ gbé e mì.

Àparò ní, "Eyín yẹn ńkọ́, ṣé ó ti san?"

Òkété bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún, ògì ń jáde nímú rẹ̀. Àwọn ọmọ Àparò rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá to ààrò tí kò ní ìkòkò, ọmọ ẹlòmíràn ló fi ń dáná, iná ọ̀hún kò sì mọ ọmọ ẹni yàtọ̀. Ìdí àlọ́ mi rèé: bí wọ́n bá yíjú sẹ́yìn nítorí iyì rẹ, má fi ẹ̀yìn wọn jalè. Bí o bá sì ti ṣe é, sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó wó, torí ẹni tó jẹ́wọ́ ṣì lè rí àyè jókòó nídìí igbá.

Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ti Òkété. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ó wú?

Kò wú o!

Ó yá, ẹ lọ sùn. Ẹ rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Baba Àgbà.